Orúkọ Tí Nọ́ọ̀sì Ń Fún Ìṣòro Aláìsàn, àti Ohun Tí Orúkọ Náà Ń Ṣe

Bí ọmọ bá gbé ìyá rẹ̀ dé ọsibítù, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Sístà, ẹ dákun, màmá ò lè mí." Ọ̀rọ̀ náà pé lẹ́nu ọmọ. Kò tíì pé létí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí lọ́nà èémí ò lè mí. Ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ kán, tí ìrora ò jẹ́ kó fa èémí wọlé dópin, kò lè mí. Ẹlòmíì wà tí ọ̀nà èémí rẹ̀ mọ́, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, síbẹ̀ tí atẹ́gùn tó ń fà ò rọ́nà gba inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ò lè mí. Bí a bá bá ẹni àkọ́kọ́ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ara á tù ú. Bí a bá ki rọ́bà ìfakẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ ẹni kejì lọ́fun, ìyà lásán la fi jẹ ẹ́. Oògùn ìrora ló ń wá.

Ìdí nìyí tí NANDA-I, àkójọ orúkọ tí àwa nọ́ọ̀sì fi ń pe ìṣòro aláìsàn, fi pín àìlèmí sí mẹ́ta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ḿbà wọn tẹ̀lé ara wọn nínú ìwé náà. 00030 ni ti ẹni tí ọ́síjìn ò wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, tàbí tí èyí tó yẹ kó mí jáde ò jáde tán. 00031 ni ti ẹni tí kò lè lé ohun tó dí ọ̀nà èémí kúrò fúnra rẹ̀. 00032 ni ti ẹni tí mímí rẹ̀ gan-an ò tọ̀nà: ó yá jù, ó falẹ̀ jù, tàbí kò jinlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́ta yìí, iṣẹ́ ló máa ṣe láṣedànù, aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Mo ń kọ èyí nítorí ẹ̀sùn kan tí àwọn ẹbí aláìsàn sábà máa ń fi kan àwa nọ́ọ̀sì, pé ìwé la ń kọ ṣáá, pé ká fi bírò sílẹ̀ ká wá tọ́jú èèyàn àwọn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn wà lára ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni ohun tí nọ́ọ̀sì kan rí ti ń di ohun tí nọ́ọ̀sì mìíràn lè lò lẹ́yìn tí ẹni àkọ́kọ́ ti relé. Bí olúkúlùkù bá ń fi ọ̀rọ̀ tó wù ú kọ ọ́, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí bá a relé náà nìyẹn.

Ti dókítà ọ̀tọ̀, ti nọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀

Dókítà ló ń dá àìsàn mọ̀: òtútù àyà, àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀. Nursing diagnosis, bí àwa tó ń ṣe é ṣe ń pè é, kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ohun tí àìsàn náà ń fojú ẹni yìí rí, lórí ibùsùn yìí, lónìí, ni nọ́ọ̀sì ń dá mọ̀: ohun tó ṣì lè ṣe fúnra rẹ̀ àti ohun tí kò lè ṣe mọ́, ohun tó ń dẹ́rù bà á, ewu tó ń bọ̀ tí kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá méjì tí rọpárọsẹ̀ kọ lù lọ́jọ́ kan náà. Ohun kan náà ni dókítà máa kọ sínú fáìlì àwọn méjèèjì. Bàbá àkọ́kọ́ ń jẹun, ó ń mu omi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, kò kàn rí i gbé jáde ni. Bàbá kejì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbé omi mì, á wúkọ́, ohùn rẹ̀ á yí padà bíi pé omi wà nínú rẹ̀, itọ́ á sì máa dà létí ẹnu rẹ̀. Fún ti àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì á kọ ìṣòro ìbánisọ̀rọ̀, á sì wá àwòrán tí bàbá lè máa nawọ́ sí: omi, ilé ìtọ̀, ìrora, ọmọ mi dà. Fún ti kejì, á kọ ọ́ pé ewu wà pé kí oúnjẹ tàbí omi gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá ti kọ orúkọ yẹn tán, ó ti fi òfin mélòó kan lélẹ̀ nìyẹn: ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan ẹnu títí a ó fi yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò, orí ibùsùn gbọ́dọ̀ ga, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá láti ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé yìí tó ohun tí a ń dúró lé lórí. Ìfẹ́ ló ń mú kí aya tàbí ọmọ gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé wọ́ọ̀dù. Wọ́n á wò ó pé bàbá ò tíì jẹ nǹkan láti àná, wọ́n á fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Nígbà mìíràn, á pá a lórí, gbogbo wọ́ọ̀dù á gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí kò ní wúkọ́ rárá, nítorí pé rọpárọsẹ̀ náà ti pa ibi tó yẹ kó ta á lólobó nínú ọ̀fun. Ẹ̀kọ á rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá, ara á máa gbóná, èémí á máa yá, àwọn ẹbí á sì ní òtútù ọsibítù ló mú un. Bí nọ́ọ̀sì àárọ̀ bá kọ "bàbá ò jẹun dáadáa" sí fáìlì, ohun tí nọ́ọ̀sì ọ̀sán máa lóye ni pé kí òun rọ̀ ọ́ kó jẹun sí i. Bó bá kọ orúkọ ewu náà bí wọ́n ṣe fi ẹnu kò lé e lórí, nọ́ọ̀sì ọ̀sán á gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọ. Fáìlì kan náà, bàbá kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i ò dọ́gba.

Orúkọ nìkan kò sì tó. Ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì bá kọ: ìṣòro náà, ohun tó fà á, àti ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tàbí tí ẹ̀rọ wọ̀n, tó fi hàn pé lóòótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ewu tí kò tíì ṣẹlẹ̀, méjì ni, ewu náà àti ohun tó ń pè é, nítorí pé kò tíì sí ẹ̀rí kankan lára. Bí ẹ̀rí bá ti wà, kì í ṣe ewu mọ́. Ohun tó fà á yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò lọ, torí pé òun gan-an ni ìtọ́jú ń kọjú sí. Bí àìsùn aláìsàn bá ti inú ìrora wá, ohun tí a ó ṣe yàtọ̀ sí ti ẹni tí ariwo wọ́ọ̀dù ò jẹ́ kó sùn, tàbí ti ẹni tó ń rò bí òun ṣe máa san owó ọsibítù.

Bí a ṣe ń ronú débẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá tí kò lè mí. Ká ní ẹni ọdún 68 ni, dókítà sì ti ní òtútù àyà ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó jẹ́ 30. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, láàárín 12 sí 20 ni tirẹ̀ máa ń wà. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi há ìka rẹ̀ ní ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 112 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 38.6. BP rẹ̀ tòkè jẹ́ 118. Ojú rẹ̀ là, ó mọ ibi tó wà, ó ń dáhùn. A ò tíì fi ọ́síjìn sí i nímú.

Bó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba ní Ìlú Ọba ni, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nọ́ọ̀sì á fi àwọn nọ́ḿbà yìí sínú ìlànà kan tó ń jẹ́ NEWS2, tó ń fi àmì sọ bí ara aláìsàn ṣe burú tó. Royal College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà níbẹ̀, ló gbé NEWS àkọ́kọ́ jáde ní 2012, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Ohun méje ló ń wò: iye èémí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, bóyá aláìsàn wà lórí ọ́síjìn, BP tòkè, lílù ọkàn, bí ọpọlọ ṣe jí sí, àti ìgbóná ara. Èémí 30 gba àmì 3. Ọ́síjìn 88 gba 3. Ọkàn tó ń lù ní 112 gba 2. Ìgbóná 38.6 gba 1. Àwọn tó kù ò gba nǹkan kan. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9. Láti 5 ni kí dókítà tètè wá wò ó. Láti 7 sókè, ìpè pàjáwìrì ni. Nọ́ọ̀sì ò ní láti máa wá ọ̀rọ̀ tí á fi bẹ dókítà tí oorun ń kùn. Bó bá ti sọ 9, ohun tó yẹ kí dókítà mọ̀ ti dé etí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọdún yìí àti èyí tó ti lo ogún ọdún, ohùn wọn dọ́gba níbẹ̀, mo sì rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tó dára jù lọ nínú ìlànà náà.

Ṣùgbọ́n 9 ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe kánjú tó. Kò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ máa ṣe lórí ibùsùn yẹn. Èyí ló mú wa padà sórí àwọn orúkọ mẹ́ta tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà màmá, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó ní kó wúkọ́. Ikọ́ náà ò lágbára, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó jáde ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èyí tó pọ̀ jù sì ṣì kù sínú. Ẹ̀rí 00031 nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ọ́síjìn ìdá 88 ń tọ́ka sí 00030, òun náà wọlé. Èémí 30 wá ń tan nọ́ọ̀sì láti kọ 00032 mọ́ ọn. Àwọn kan á kọ ọ́. Èmi ò ní kọ ọ́, nítorí pé èémí màmá ń yá torí pé ara rẹ̀ ń wá ọ́síjìn tí kò rí. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá kúrò lọ́nà, tí ọ́síjìn sì wọlé, èémí náà á rọlẹ̀. Bí mo bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣòro méjì ni mo fi orúkọ mẹ́ta pè, ẹni tó bá ń ka fáìlì lẹ́yìn mi ò ní mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ dojú kọ.

Àkójọ orúkọ kò bá ẹnikẹ́ni ronú. Ó kàn ń fipá mú wa ni láti mú ọ̀kan, ká sì sọ ẹ̀rí tí a fi mú un. Nọ́ọ̀sì tó bá ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé "ara màmá ò yá" lè wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹni tó bá ní láti yan láàárín orúkọ mẹ́ta gbọ́dọ̀ fi etí sí àyà, kó wo àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kó ka èémí.

Lẹ́yìn èyí ni àkójọ kejì, tó ń jẹ́ NIC, wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló ń tò, tòun ti nọ́ḿbà: 3140 ni ìtọ́jú ọ̀nà èémí, 3250 ni ríran aláìsàn lọ́wọ́ láti wúkọ́, 3320 ni ọ́síjìn, 3350 ni ṣíṣọ́ bí èémí ṣe ń lọ. Fún màmá yìí, á já sí pé ká gbé e jókòó, ká fún un ní ọ́síjìn bí dókítà ṣe kọ ọ́, ká kọ́ ọ kó fa èémí wọlé dáadáa, kó dá a dúró díẹ̀, kó wá fi agbára wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ká fún un ní omi mu kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè dẹ̀ bí ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ bá gbà á. Ká sì gbé ẹ̀rọ ìfakẹ̀lẹ̀bẹ̀ sítòsí, kí a má lò ó àyàfi tí kò bá lè wú u jáde fúnra rẹ̀.

Àkójọ kẹta ni NOC, òun ló sì wù mí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí a fẹ́ rí lára aláìsàn ló ń tò, ó sì fi òṣùwọ̀n 1 sí 5 sí i. Nínú 0410, tó ń wo bóyá ọ̀nà èémí là, 1 túmọ̀ sí pé ó jìnnà gan-an sí bó ṣe yẹ kó rí, 5 túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ṣe é. Nọ́ọ̀sì á sọ pé màmá wà ní 2 láàárọ̀ yìí, pé òun fẹ́ kó dé 4 láàárín ọjọ́ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ á tún wò ó: 3. Ní òru, nọ́ọ̀sì mìíràn tí kò rí i rí á wò ó: ó ti padà sí 2. Nọ́ọ̀sì yẹn ò ní láti mọ màmá tẹ́lẹ̀ kó tó mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà, pé kò yẹ kó dúró di àárọ̀. Ẹ fi èyí wé gbólóhùn tó kún inú fáìlì wa káàkiri, pé ara aláìsàn "balẹ̀ díẹ̀," pé ó "sùn dáadáa." Balẹ̀ ju ti ìgbà wo lọ? Ta ló fojú rí i pé ó sùn? Mo ti ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó ń rọra lọ lójú wa.

Ibi tí àwọn orúkọ yìí ti wá

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1860, níbi ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìlú Ọba, gbé àbá kan wá pé kí gbogbo ọsibítù máa lo fọ́ọ̀mù kan náà àti orúkọ àìsàn kan náà, nítorí pé bí ọsibítù kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè mọ ibi tí èèyàn ti ń kú jù. Ní 1973, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Kristine Gebbie àti Mary Ann Lavin pe àwọn nọ́ọ̀sì jọ láti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìṣòro tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú lórúkọ. Láti inú ìpàdé yẹn ni ẹgbẹ́ NANDA (North American Nursing Diagnosis Association) ti jáde ní 1982. Ní 2002 ni wọ́n yí orúkọ padà sí NANDA International, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá Amẹ́ríkà. Yunifásítì Iowa ló ṣe NIC, tó kọ́kọ́ jáde ní 1992, àti NOC, tó jáde ní 1997. Nínú ẹ̀dà NANDA-I ti 2021 sí 2023, orúkọ 267 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀dà NIC ti 2018 ní 565, ti NOC ní 540. Àjọ àgbáyé àwọn nọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀, tó ń jẹ́ ICNP, èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láti bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàdé wọn ní Seoul ní 1989. Àwọn mìíràn tún wà. Ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì ò ní láti há èyíkéyìí nínú wọn sórí.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí láìmọ̀ ni òṣùwọ̀n Glasgow, tí a fi ń wọn bí ọpọlọ aláìsàn ṣe jí sí. Kó tó di 1974, bí ẹni tó forí gbá bá dé ọsibítù, dókítà kan lè kọ pé ó "ń tòògbé," òmíràn pé ó "dákú díẹ̀," ẹ̀kẹta pé "ọkàn rẹ̀ ò sí níbí," bíi kóńgò tí oníresì kọ̀ọ̀kan ti gún ìdí tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ẹni náà bá ń burú sí i, ta ló máa mọ̀? Graham Teasdale àti Bryan Jennett, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì ní Glasgow, ní kí a yé sọ irú oorun tó jẹ́, ká sọ ohun tí aláìsàn ṣe. Ṣé ojú là fúnra rẹ̀, àbí ìgbà tí a pè é, àbí ìgbà tí a mú un lára? Ṣé ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ló sọ, àbí ó kàn ń kérora? Ṣé ó gbé ọwọ́ sókè nígbà tí a ní kó gbé e, àbí ó kàn fà á sẹ́yìn nígbà tó dùn ún? Ojú ní àmì 4, ọ̀rọ̀ ní 5, ìṣípòpadà ara ní 6. Ẹni tó jí pérépéré ní 15. 3 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹni tó wà ní 14 ní aago mẹ́wàá bá di 11 ní aago méjìlá, àwọn oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ gbọ́, kódà kó jẹ́ orí fóònù.

Lẹ́tà kan ṣoṣo náà lè ṣèèyàn léṣe. Àwọn kan máa ń fi U dúró fún ìwọ̀n ínsúlínì. Bí bírò bá yára, U tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4 lè dà bí òdo, ìwọ̀n 4 á wá di 40 lójú ẹni tó ń fa abẹ́rẹ́, ìyẹn sì tó ohun tó lè pa alátọ̀gbẹ. Ní 2004, Joint Commission tó ń ṣàbójútó ọsibítù ní Amẹ́ríkà fi U sára àwọn ìkékúrú tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ mọ́. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ibi tí orúkọ ti lè ṣini lọ́nà

Mo fẹ́ràn àwọn àkójọ yìí, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́ nígbà mìíràn. Àkọ́kọ́ ni àdàkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí ìwé, á wá òtútù àyà, á da gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọ sínú care plan, ìyẹn ìwé ètò ìtọ́jú aláìsàn, láìdé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Care plan tó ní orúkọ mẹ́wàá tí a dà kọ kò tó èyí tó ní méjì tí nọ́ọ̀sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀. Níbi tí nọ́ọ̀sì méjì ti ń tọ́jú odindi wọ́ọ̀dù, mo gbà pé kò sí àyè fún ìwé gígùn. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí díẹ̀ tí a bá kọ jẹ́ òótọ́.

Èkejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọdún gbọọrọ ni orúkọ kan fi wà nínú NANDA, 00079, tó ń sọ pé aláìsàn kò tẹ̀ lé ìtọ́jú tí a là sílẹ̀ fún un. Ẹ rò ó wò níbi tí oògùn ti ń ti àpò ẹni jáde. Ìyá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru padà wá sí kílíníìkì, BP rẹ̀ ga, kò sì lo oògùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ orúkọ yẹn, ó ti dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá gba fáìlì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá wí, á wàásù fún un, ìyá á dákẹ́, á ní òun ti gbọ́, kò sì ní padà wá mọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá jókòó tì í, tó béèrè, ó lè gbọ́ pé owó ló tán, tàbí pé oògùn náà ń mú kó máa tọ̀ lóru tí ilé ìtọ̀ sì jìnnà sí yàrá rẹ̀, tàbí pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kó dá a dúró. Ohun tó fà á mẹ́ta nìyẹn, ìtọ́jú wọn ò jọra rárá: oògùn tí owó rẹ̀ ò wọ́n, ká yí àkókò tí á máa lò ó padà sí àárọ̀, ká bá a sọ̀rọ̀ tòun ti ẹni tó fọkàn tán. Nínú ẹ̀dà 2018 sí 2020, NANDA-I yọ orúkọ náà kúrò nínú ìwé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa lóòjọ́, ó sì yẹ kí àwa náà yọ ọ́.

Ohun kan tún wà tó kan owó àti iye òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ dókítà hàn nínú bíìlì: iṣẹ́ abẹ iye báyìí, àyẹ̀wò iye báyìí. Ti nọ́ọ̀sì sábà máa ń wọnú owó ibùsùn, kò sí ẹni tó rí i. Bí a bá ń kọ yíyí aláìsàn ní wákàtí méjì méjì kí ìdùbúlẹ̀ má bàa dá egbò sí i nídìí, tí orúkọ tí a fi ń kọ ọ́ sì jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹnì kan lè kà á ní ìparí oṣù, kó rí iye ìgbà tí iṣẹ́ náà wáyé, iye ìgbà tó yẹ kó wáyé tí kò sí ọwọ́ tó máa ṣe é, àti iye egbò tó tẹ̀lé e. Ìgbà yẹn la tó lè bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tí kò tó láìjẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti aláìsàn, ẹ̀yin lẹ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí tí nọ́ọ̀sì ń wá. Dípò "ara bàbá ò yá," ẹ sọ fún wa iye ìrọ̀rí tó fi ń sùn báyìí àti iye tó ń lò lóṣù tó kọjá. Ẹ sọ àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọjọ́ tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, bóyá omi máa ń pá a lórí, bóyá ó ń dìde lọ tọ̀ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má fi àgbo tó ń mu pamọ́, ẹ má sì fi owó tó tán pamọ́. Àwọn méjèèjì máa ń yí ohun tí a ó kọ padà. Ẹ̀tọ́ yín sì ni láti béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́: kí lẹ kọ pé ó jẹ́ ìṣòro bàbá wa lónìí, kí lẹ fẹ́ kó lè ṣe lọ́la tí kò lè ṣe lónìí? Bó bá jẹ́ orúkọ àìsàn nìkan lẹ gbọ́, ẹ rọra tún un béèrè.